Ojú Gígùn Tí Mo Yàn Lórí Òkè Màpó

Mo fi ojú ara mi méjèèjì rí i. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, n kò sì sùn lá a. Ibi tí mo dúró sí ní pápá lọ́jọ́ náà, bí wọ́n bá mú mi débẹ̀ lónìí, n ó fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tọ́ka sí i láìwolẹ̀. Mo ní láti kọ́kọ́ sọ èyí, nítorí pé ní Ìdí Arère, títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, wọ́n ṣì ń sọ pé ẹṣin ni bàbá tiwọn kí, pé kì í ṣe èèyàn. Irọ́ ni. Mo wà níbẹ̀. Rọ́bà kámẹ́rà wà lọ́wọ́ mi.

Èmi ni onífọ́tò Bẹẹrẹ. Àwọn mìíràn wà ní Ìbàdàn tí wọ́n ń pe ara wọn bẹ́ẹ̀, n kò bá wọn jà. Ẹni tó bá fẹ́ kí imú òun wà láàárín ojú òun nínú àwòrán, ó mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi. Ọdún kan àti díẹ̀ ni mo lò nílé ìwé àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì kí bàbá mi tó yọ mí, ohun tí àwọn ẹlòmíràn sì ń fi gbogbo èwe wọn wá níbẹ̀, mo ti rí i kí n tó kúrò. Iṣẹ́ fọ́tò, Èkó ni mo ti kọ́ ọ, ọ̀gá mi sì sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo gbòmìnira pé kò sí ohun tí òun tún lè sọ fún mi tí n ó gbọ́.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, wọn kò tíì kọ́ ilé ńlá olópòó yẹn sórí òkè Màpó. Àpáta ló wà níbẹ̀, àti koríko, àti ewúrẹ́ ẹni tí kò ní ẹni tí yóò so ó.

Bàbá kan wà ní agboolé wa ní Ìsàlẹ̀ Òsì, àbúrò bàbá tó bí bàbá mi. Òun ni àgbà ilé. Bàbá ni gbogbo wa ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni n ó sì máa pè é níhìn-ín. Ó ní ẹṣin funfun kan, òun nìkan ló kù nínú àwọn ẹṣin tí wọ́n ń bí nílé wa láti ayé ogun. Ẹṣin náà ti dàgbà. Bàbá náà ti dàgbà. Ṣùgbọ́n a kì í sọ ti ọ̀kan létí èkejì.

Bàbá mìíràn sì wà ní Ìdí Arère. Òun àti Bàbá jọ kọ́ kéú lọ́dọ̀ aáfà kan náà, wọ́n jọ lọ sógun kan náà, kò sì sí ẹni tó mọ èyí tó ṣáájú èkejì dáyé. Ìyá Bàbá ní ọdún tí eṣú jẹko ni òun bí i. Ìyá ti Ìdí Arère náà ní ọdún eṣú ni. Bí eṣú yẹn bá ti sọ oṣù tó wá ni, gbogbo wa ìbá ti bọ́. Ní ilẹ̀ wa, àbúrò ló ń kọ́kọ́ kí ẹ̀gbọ́n. Kò sí èyí tó gbà pé òun ni àbúrò, nítorí náà kò sí èyí tó kí èkejì. Ogun parí, òyìnbó dé, rélùwéè dé, wọn kò kí ara wọn. Bí wọ́n bá pàdé ní Ọjà'ba, ọ̀kan a yà sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta abẹ́rẹ́, èkejì a dúró máa wo òfuurufú bí ẹni pé òjò ṣú.

Níbi ìsọmọlórúkọ kan ni ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀. Wọ́n fi àwọn méjèèjì jókòó kọjú síra wọn, èmi sì wà láàárín, nítorí pé èmi ni wọ́n pè wá ya ọmọ náà. Bàbá ń sọ fún ẹni tó gbọ́ àti ẹni tí kò gbọ́ pé òun yóò gun ẹṣin òun níbi eré ìje tí àwọn òyìnbó ń ṣe ní pápá wọn, nítorí wọ́n ti ní kí àwọn ará ìlú náà mú ẹṣin wá.

Bàbá Ìdí Arère yíjú sí mi. Ó ní, "Ọmọ mi, bá mi bi ọkùnrin tó jókòó síbẹ̀ yẹn léèrè, ṣé ẹṣin tí wọ́n ń fọwọ́ fi koríko sí lẹ́nu yẹn ni yóò sáré?"

Ibi tí Bàbá jókòó sí, bí èèyàn bá na ọwọ́, yóò kàn án. Bàbá náà kọjú sí mi. "Sọ fún un pé ẹṣin mi kì í sáré, fífò ló ń fò. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń kúrò nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà."

"Bi í pé ta ló rí i."

"Sọ fún un pé ìwọ yóò yà á, òun yóò sì rí i."

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu ni, Bàbá Ìdí Arère ti dìde. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí mo bá rí àwòrán òun àti ẹṣin yẹn, tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò kan ilẹ̀, èmi ni n ó kọ́kọ́ kí i, níṣojú gbogbo ayé. Bí n kò bá rí i, kó wá sí Ìdí Arère wá kí mi, kó sì tètè wá kí oòrùn tó mú."

Gbogbo ilé ṣe àmín, bí ẹni pé àdúrà ni.

Nígbà tí a jáde, Bàbá dì mí lápá mú. Ó ní, "Bí mo bá lọ kí ọkùnrin yẹn, n kò tún ní lè jókòó síta mọ́. Inú yàrá ni n ó máa wà títí n ó fi kú. Ṣé o gbọ́?"

Mo gbọ́.

Kámẹ́rà tí mo ní dára, kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo Bẹẹrẹ. Àpótí ni, dígí wà nínú rẹ̀. A ó bojú wo ihò awọ tó wà lókè rẹ̀, a ó sì rí ohun tó wà níwájú nínú dígí náà, bó ṣe ń mì tó ń rìn. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kúrú. Ojú ni mo ń pe dígí roboto tó wà níwájú kámẹ́rà, èyí tó ń ríran. Àwọn òyìnbó sì ti ta okùn yí pápá wọn ká, ẹni tí kì í ṣe ẹlẹ́ṣin kò gbọdọ̀ kọjá okùn. Bí mo bá fi ojú kúkúrú wo ẹṣin láti ìdí okùn, yóò dà bí èèrà tó ru ìrẹsì. Mo nílò ojú tí yóò fa ohun tó jìnnà wá síwájú mi.

Ọkùnrin Sàró kan ń ṣòwò lẹ́bàá ibi tí rélùwéè ń dúró sí. Níbi gbàǹjo kan ló ti ra ẹrù òyìnbó kan tó ń wọ igbó kiri ya ẹyẹ àti ẹranko, tó ti padà sílé. Nígbà tó gbọ́ pé mo ń wá ojú, ó kó mẹ́ta wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó tẹ́ wọn sórí aṣọ bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ.

Ó ní, "Ẹ wò ó, ọ̀gá onífọ́tò. Kúkúrú yìí, èèyàn tó jókòó la fi ń yà. Agbedeméjì yìí, ẹṣin, bọ́ọ̀lù, ohunkóhun tó bá ń sáré. Gígùn yìí, ẹyẹ ni òyìnbó náà fi ń yà. Ẹyẹ ló mọ̀. Ó wúwo, kì í fẹ́ ìwàǹwara. Agbedeméjì ni kẹ́ ẹ mú."

Mo wo gígùn náà. Ó gùn tó ọmọ odó, wọ́n fi òrùka idẹ sí i lẹ́nu. Mo bi ara mi pé ṣé irú nǹkan báyìí ló yẹ kó máa fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wo ẹyẹ?

Ọ̀rẹ́ mi kan, ẹgbẹ́ mi, tó ń ránṣọ ní Ọjà'ba, wà ní ìjókòó. Télọ̀ ni, ẹnu rẹ̀ sì mú ju àlùmọ́gàjí rẹ̀ lọ. Ó ní, "Mú gígùn, ọ̀rẹ́. Bí kò bá ríran, a ó fi gúnyán."

Mo ní n kì í ra ojú láìwò. A kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a gbé kámẹ́rà àti igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń dúró lé, a gun Màpó.

Láti orí àpáta yẹn, ojú ń já sí ẹnu ọ̀nà ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Òsì gbọọrọ. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n pèrun ìrọ̀lẹ́. Mo de ojú kúkúrú mọ́ kámẹ́rà, mo bojú wò ó. Mo rí òrùlé, mo rí ògiri, mo rí nǹkan kan lẹ́nu ọ̀nà tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ.

Télọ̀ náà wò ó. "Bàbá yín nìyẹn."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Ta ni ìbá tún jókòó síbẹ̀?"

A dúró ṣánṣán. Kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Mo de agbedeméjì. Hóró ẹ̀wà dé fìlà. Mo rí búùtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn mi tẹ̀ díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá rí àgbà lókèèrè, tí kò tíì mọ̀ bóyá àgbà náà ti rí òun.

Mo de gígùn. Mo bojú wo inú ihò awọ. Bàbá nìyí! Irùngbọ̀n rẹ̀ nìyí, pákò nìyí lẹ́nu rẹ̀, ó ń fi rin ẹ̀yìn eyín. Ó gbójú sókè, ó wò mí. Ohun tí mo tún mọ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni pé àyà mi wà lórí àpáta, ìgbọ̀nwọ́ mi ti bó, mo sì ń sọ pé, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Bàbá."

Télọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìwo ewúrẹ́ kan mú kó má baà ṣubú. "Dígí lò ń dọ̀bálẹ̀ fún? Háà, ẹni tó lọ sí Èkó! Dìde kúrò níbẹ̀ kí n wò ó." Ó bojú wò ó. Ó balẹ̀ gbì, òun àti okùn ìwọ̀n tó wà lọ́rùn rẹ̀.

Ọkùnrin Sàró náà ń wò wá. "Kí ló ṣe ẹ̀yin èèyàn yìí?" Òun kì í dọ̀bálẹ̀, wọn kì í ṣe é nílé tí wọ́n ti tọ́ ọ. Ó bojú wo inú ihò. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó gòkè lọ fúnra rẹ̀. Ó ṣí àkẹtẹ̀ rẹ̀, ó gbá a mọ́ àyà, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ jẹ́ẹ́.

Mo ní, "Gígùn ni n ó mú."

"Mo ṣì ń sọ fún yín pé ẹyẹ ni ..."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ṣí àkẹtẹ̀."

Ó dé e padà. Bí mo ṣe ń yan ojú nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ mi títí di òní: ojú tí o bá fi wo àgbà, tí ara rẹ kò sọ fún ọ pé kí o kí i, kò tíì mú àgbà náà súnmọ́ ọ. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i lẹ́nu ni òyìnbó ń wò. Nọ́ńbà kì í dọ̀bálẹ̀.

Nígbà tí mo délé, Bàbá ṣì wà níta. N kò tíì dìde nílẹ̀ tí mo dọ̀bálẹ̀ sí tó fi ní, "Kí lẹ̀yin mẹ́ta ń ṣe lórí àpáta Màpó? Mo rí ìwọ àti télọ̀ yẹn, ẹ nà gbalaja bí alángbá. Ẹnì kan sì ṣí fìlà."

"Bàbá, ẹ rí wa láti ibí?"

"Afọ́jú ni mí ni?"

Mo gbójú kúrò lára ojú gígùn tó wà léjìká mi. Mo ní, "Ẹ̀yin la ń kí, Bàbá."

"Láti Màpó?"

"Láti Màpó ni."

Ó yọ pákò lẹ́nu. Ó wo òkè náà, ó wò mí, ó tún wo òkè náà. "Ìkíni ni," ó ní. "Ó jìnnà, ṣùgbọ́n ó dé. Mo jẹ́ ẹ. Ẹ ó dàgbà." Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò sí àlejò tó wọlé wa tí kò gbọ́ ọ pé wọ́n kí òun láti Màpó.

Ọjọ́ eré pé. Pápá kún. Mo gbé kámẹ́rà sí ìdí okùn, ní ìparí ọ̀nà tí ẹṣin ń gbà, kí Bàbá lè máa bọ̀ wá síwájú mi tààrà. Bí ojú gígùn ṣe nà jáde lára rẹ̀, ọlọ́pàá kan wá bi mí bóyá ìbọn ni. Mo ní kó bojú wò ó. Ó bojú wò ó, ó rí ọ̀gá rẹ̀ lódì kejì pápá, ó gbé ọwọ́ sí orí, ó kí i bí ọlọ́pàá ṣe ń kí ọ̀gá. Mo mọ̀ pé mo yàn dáadáa.

Bàbá Ìdí Arère dé, pẹ̀lú agbádá tó lè bo ẹni mẹ́ta. Kò lọ sí ibi tí àwọn àgbà jókòó sí. Ọ̀dọ̀ mi ló wá dúró sí.

Ó ní, "Ọmọ mi, n kò fọkàn tán àpótí yìí. O lè ti kó ẹṣin mìíràn sínú rẹ̀ láti ilé."

"Bàbá, ẹṣin kò lè wọ inú rẹ̀."

"Bí ti bàbá rẹ bá lè wọ̀ ọ́, òmíràn á wọ̀ ọ́. Sún. Èmi ni n ó máa wo inú rẹ̀ títí yóò fi dé. Ìwọ máa tẹ ohun tó o bá fẹ́ tẹ̀."

Àgbà ni. Wọ́n tọ́ mi dáadáa, n kì í bá àgbà jiyàn. Mo fi ihò awọ sílẹ̀ fún un, mo di rọ́bà mú, èyí tí a ń tẹ̀ kí kámẹ́rà tó ṣí ojú. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé èmi ló rí gbogbo rẹ̀. Òun, inú àpótí ló ń wò.

Wọ́n tú ẹṣin àwọn ará ìlú sílẹ̀. Wọ́n kọjá. Wọ́n dé òpin. Wọ́n ti ń fún wọn lómi. Lẹ́yìn náà ni Bàbá yọ. Ẹṣin funfun náà ń bọ̀ bí àgbà tó rántí pé òun gbàgbé nǹkan sílé.

Bàbá Ìdí Arère tẹrí bọ inú ihò, ó ń sọ̀rọ̀ láti ibẹ̀. "Koríko ni mo rí. Koríko ni. Kò sí ẹṣin kankan níbí. Koríko ... Etí kan nìyí. Etí méjì. Hẹ̀n." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ó mà ti darúgbó o. Wo bí ó ṣe di ìjánu mú. Bó ṣe ń dì í mú nìyẹn lójú ogun."

Lákòókò náà gan-an ni Bàbá, tó fẹ́ mọ̀ bóyá mo ti ṣe tán, gbójú sókè tó wo kámẹ́rà tààrà.

Mo rí ẹ̀yìn Bàbá Ìdí Arère tó tẹ̀. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi. "Ẹ kú eré o!" ló ní, pẹ̀lú ohùn ọmọdékùnrin. "Ẹ kú eré o, ẹ rọra o!" Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lọ sílẹ̀, ó kanlẹ̀. Bó ṣe ń lọ sílẹ̀, apá agbádá rẹ̀ kọ́ igi kámẹ́rà, igi kámẹ́rà sì tẹ̀ lé e. Ojú gígùn yíjú sókè, ó tan oòrùn sí gbogbo pápá bí mànàmáná. Ọwọ́ mi fún rọ́bà. Ẹṣin rí ìmọ́lẹ̀ náà, ó sì fò.

Ó fò! Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló kúrò nílẹ̀, mo kà wọ́n lójú òfuurufú. Bàbá wà lórí rẹ̀, fìlà rẹ̀ ti lọ, ó jókòó bí ẹni ọgbọ̀n ọdún. Ó fo okùn àwọn òyìnbó kọjá, ó balẹ̀ lódì kejì. Kò sí ẹlòmíràn tó rí i. Àwọn yòókù ń wo àgbàlagbà tó wà nílẹ̀ nínú agbádá tí kò mọ ibi tí yóò gbà jáde.

Bàbá gun ẹṣin náà wá bá wa, kò sọ̀ kalẹ̀. "Mo gbọ́ tí ẹnì kan kí mi. Ta ni?"

Télọ̀ kò jẹ́ kó tutù. "Bàbá Ìdí Arère ni, Bàbá. Ó kí yín, ó sì fọwọ́ kanlẹ̀."

"Irọ́ ni!" Bàbá Ìdí Arère ti rí orí rẹ̀ yọ. "Ẹṣin ni mo kí."

Télọ̀ ní, "Ẹṣin lẹ ní kó rọra, Bàbá?"

"Ẹni inú dígí ni. Ẹni tó wà nínú àpótí kì í ṣe èèyàn. Èèyàn kì í kí àpótí!"

Bàbá ro ó lórí ẹṣin. Ó ní, "Àwọn ọmọ yìí kí mi nínú àpótí yẹn láti orí Màpó, mo jẹ́ ẹ. Ṣé ìdí okùn yìí jìnnà ju Màpó lọ?"

Bàbá bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ lórí ẹṣin, ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ lójú. "O ṣé é, àbúrò. Ará ilé ńkọ́?"

Bàbá Ìdí Arère la ẹnu, ó pa á dé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá béèrè ará ilé lọ́wọ́ èèyàn, aláìlẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni kì í dáhùn. "Dáadáa ni wọ́n wà," ó ní, ó sì ń gbọn koríko kúrò lára agbádá rẹ̀. "A dúpẹ́."

Ó ti parí nìyẹn.

Nígbà tí mo fi omi oògùn fọ dígí tí àwòrán náà wà lára rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, kò sí ẹṣin níbẹ̀, kò sí Bàbá. Àwòdì kan ló wà nínú rẹ̀, ó na apá méjèèjì, ìyẹ́ rẹ̀ ṣeé kà lọ́kọ̀ọ̀kan, èékánná rẹ̀ mọ́ kedere. Ọkùnrin Sàró náà wá wò ó. Ó wò ó títí. N kò tíì rí onífọ́tò tó ya àwòdì bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, Èkó pẹ̀lú. Èmi ni mo yà á.

Bàbá ní kí n gbé e kọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, Bàbá Ìdí Arère yọ lẹ́nu ọ̀nà wa. Ó ní òun kò wá kí ẹnikẹ́ni, àwòrán ni ìlérí wà fún, àwòrán ni òun wá wò.

Ó dúró níwájú rẹ̀. "Èyí kì í ṣe ẹṣin."

Bàbá ní, "Ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀?"

"Kò kan ilẹ̀."

"Kí lo tún ń wá?"

Ó jókòó. Wọ́n jọ jẹun, wọ́n ń jiyàn títí wọ́n fi pe ìrun ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó ń lọ, ó ní òun kò tíì rí i dáadáa. Ó padà wá ní Jímọ̀ kejì láti tún un wò, àti ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e. Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn títí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi lè gbé e mọ́.

Ohun tó ṣòfò nìyí. Ojú gígùn kan, ó fọ́ sórí òkúta, kò ṣeé lẹ̀. Ẹsẹ̀ kan lára igi kámẹ́rà. Apá agbádá kan, télọ̀ ní kí wọ́n gé e kúrò. Fìlà Bàbá, a wá a ní pápá, a kò rí i. Ẹṣin funfun náà, ó kú nígbà ọyẹ́. Àwòrán Bàbá lórí ẹṣin, kò sí.